Hítà tó ti gan lára ọkọ̀ àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìlọrin

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́ta ni mo ti tú palẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Tanke: Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀, Volkswagen Ìjàpá kan tí mo rà ní Ọ̀fà nígbà tí adìyẹ ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ di ibi ìyéyin, àti Mercedes kan tó ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù di òní. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ojú mi ti rí màbo. Ọ̀dọ̀ hítà ni. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bi mí ni, n kò tò ó.

Ìlọrin mà nìyí, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìlú òyìnbó. Kí lẹ fẹ́ fi hítà ṣe?

Ẹni tó ń béèrè èyí kò tíì gbéra lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo ní aago márùn-ún ìdájí nínú oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ ń gba gbogbo ibi tí rọ́bà ilẹ̀kùn ti gbẹ wọlé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti ọyẹ́ sílẹ̀. Lásìkò òjò, tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́síì, èémí wọn á bo gíláàsì iwájú, awakọ̀ á wá máa fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, á máa fi èkejì nu gíláàsì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti inú hítà jáde ló ń gbẹ gíláàsì yẹn.

Ìdí kẹta ló ká mi lára jù. Nínú ọkọ̀ olómi bíi 504, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára náà ló ń gba inú hítà kọjá. Bí hítà bá jò, ẹ́ńjìnnì ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà 504, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, álúmíníọ̀mù ni. Tí omi bá gbẹ tí ó sì gbóná kọjá ààlà, ó máa ń tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì á sì bẹ́. Hóòsì tí kò gùn tó apá ọmọdé lè kó èèyàn sí gbèsè ẹ́ńjìnnì odindi.

Kí ló dé tí nǹkan ibẹ̀ fi máa ń gan ju ibòmíràn lọ?

Torí pé a kì í lò ó ni. Ojoojúmọ́ là ń tẹ bíréèkì, à ń wọ gíà, à ń ṣí ilẹ̀kùn. Hítà lè jókòó fún ogún ọdún ní Ìlọrin kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀. Ìpáàrà sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ìka yí wọlé ní Kaduna lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975 fi fún mọ́ bóòtù rẹ̀ lọ́rùn lónìí bí ẹni pé wọ́n rọ wọ́n pọ̀ ni.

Omi tí à ń rọ sí rédíétọ̀ náà dá kún un. Omi kànga àti bọ́họ̀ lọ̀pọ̀ wa ń lò, irú omi tó máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù. Ẹfun yẹn ló ń dì sínú fáàfù hítà, èyí tó ń ṣí omi tó sì ń tì í, àti sínú rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí irin bá sì ti kan álúmíníọ̀mù, tí omi wà láàárín wọn, wọ́n á máa jẹ ara wọn bí ohun inú bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ máa ń rí lẹ́nu páìpù lẹ́yìn tí ẹ bá fa hóòsì kúrò, èérí kọ́ o. Álúmíníọ̀mù tó ti di ẹbu ni.

Àwọn àgbà sọ pé òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin ní Ìdí-Àpẹ́ ni ìlú yìí fi ń jẹ́ Ìlọrin. Ìlú tó torí irin gba orúkọ la wà, síbẹ̀ nọ́ọ̀tì mílímítà mẹ́jọ ń pe ìyá wa níjà.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó mú sípánà. Ẹ ya ọ̀nà tí hóòsì gbà, ẹ ya ibi tí kébù so mọ́, ẹ ya àwọ̀ wáyà ara fáànù. Èmi kò ya tèmi nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ibi tí kébù kan ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ tó tú omi rẹ̀ sínú bẹ́sìnì. Tó bá jẹ́ coolant, omi oníkẹ́míkà tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ló wà níbẹ̀, ẹ má dà á sójú ọ̀nà. Ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ àti ajá a máa lá a, ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ kọ nǹkan sí i lára.

Ẹ wá fi ọ́ìlì sí gbogbo nọ́ọ̀tì, síkúrù àti kílíìpù tí ẹ máa tú, kí ẹ sì lọ sùn. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́. Ẹni tó bá jí ní Sátidé tó ní òun máa yọ hítà kí ó tó di ọ̀sán ló máa ń já bóòtù.

Ọ́ìlì wo ló dára jù? Ṣé WD-40 tó?

WD-40 wúlò fún kí omi kúrò lára irin àti fún ìpáàrà tí kò tíì jinlẹ̀. Ti ogún ọdún kọjá agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún títú nọ́ọ̀tì tó gan wà lọ́jà, ó sì dára, àmọ́ ẹ wo agolo dáadáa nítorí ayédèrú pọ̀.

Èyí tí èmi ń lò jù ni ATF, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń rọ sí gíà ọkọ̀ aládàáṣe, pẹ̀lú acetone, ọgbọọgba. Ẹ máa rí acetone rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan èékánná. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ dàpọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mi ìgò náà kí ẹ tó kán an, nígbà gbogbo. Iná ń tètè ràn mọ́ acetone, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀dà gbádùn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kan ara ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Tí kò bá sí èyí, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì náà ń wọlé, ó kàn máa ń pẹ́ ni.

Bí ẹ ṣe lò ó ṣe pàtàkì ju orúkọ ara agolo lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà òkè kúrò kí ọ́ìlì lè rí ojú ọ̀nà. Ẹ kán an láàárọ̀, ẹ kán an lálẹ́, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín ìyẹn, ẹ máa fi òòlù kékeré lu orí bóòtù náà gbọngbọn. Ẹ má lù ú bí ẹni bínú. Gbígbọ̀n náà ló ń la ojú ìpáàrà kí ọ́ìlì lè rìn wọ inú tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó yí ara bóòtù ká.

Mo ti fi ọ́ìlì sí i, kò tún yí. Ṣé kí n ki páìpù bọ ìdí sípánà kí n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́?

Rárá! Ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ ń ṣe nìyẹn, ibẹ̀ ni orí bóòtù sì ti ń já. Ẹ fi ṣókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà sí i, kì í ṣe onígun méjìlá, nítorí méjìlá máa ń yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì tí ìpáàrà ti jẹ etí rẹ̀. Tí mílímítà bá tóbi díẹ̀ jù, ẹ wá ṣókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè fi òòlù gbá wọlé lé e lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un. Tó bá mira bí irun, ẹ dá a padà. Ẹ tún fún un, ẹ tún dá a padà, ẹ tún kán ọ́ìlì. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti mira, ó ti di tiyín, kò sí ìdí láti kánjú mọ́. Ọwọ́ yín ló máa sọ fún yín: bóòtù tó ń tú máa ń dún kẹ́ẹ́, ó sì máa ń le koko títí ó fi já gbà. Èyí tó fẹ́ já máa ń rọ̀ bíi rọ́bà. Tí ẹ bá ti gbọ́ rírọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín, ẹ dúró, iná ló kàn.

Ẹ sọ ti iná. Ṣé iná kò ní ba nǹkan jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá gbóná, ó máa ń wú, ó máa ń dẹ̀ lára bóòtù, ìpáàrà tó so wọ́n pọ̀ á sì fọ́. Tó bá jẹ́ bóòtù irin nínú álúmíníọ̀mù, ó tún dára sí i, torí nínú ooru kan náà, álúmíníọ̀mù ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà, ara álúmíníọ̀mù ni kí ẹ yọ́ná sí, kì í ṣe orí bóòtù.

Ẹ lọ wo àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Òkèlele. Ìkòkò tí iná bá dédé ká mọ́ lójijì, ó máa ń sán. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni álúmíníọ̀mù ń fẹ́, nítorí pé kì í pupa kó tó yọ́. Irin á pọ́n, ẹ á rí i. Álúmíníọ̀mù máa dúró ní funfun títí á fi dédé ṣàn sílẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wẹ́dà oníkábáàdì gbé iná rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà mi láé. Iná gáàsì kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ dì mú ti tó. Ẹ fi ẹ̀kán omi dán an wò: tó bá ti ń ta pàrà lórí rẹ̀, ó ti gbóná tó.

Ẹ lè fi àbẹ́là kún un. Ẹ yọ́ná sí nọ́ọ̀tì, ẹ gbé iná kúrò, ẹ wá fi ìdí àbẹ́là kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń tutù, á máa fa epo àbẹ́là náà wọnú tírẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé idán ni. Nọ́ọ̀tì tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe agídí jáde bí ìdérí ìgò.

Ibi tí iná kò gbọ́dọ̀ dé: ẹ̀gbẹ́ páìpù epo bẹntiróòlù, ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wáyà àti fóòmù wà. Ẹ má sì yọ́ná sí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi agolo ìfọ̀ bíréèkì fín. Irú èyí tó ní chlorine nínú máa ń di phosgene tí iná bá kàn án, gáàsì tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ tún fún omi tàbí iyanrìn láyè nítòsí, kí ẹnì kan sì wà níta pẹ̀lú yín.

Hóòsì hítà kò jáde lẹ́nu páìpù. Mo ti fà á, mo ti lọ́ ọ.

Ẹ má lọ́ ọ mọ́! Rédíétọ̀ kékeré inú hítà, bàbà tàbí idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sì fi jó ẹnu páìpù rẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá lọ́ hóòsì, ẹnu yẹn ló máa bá a lọ. Hóòsì tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi abẹ la tàtijọ́ ní gbọọrọ, láti ẹnu rẹ̀ wọnú, kí ẹ sì ṣí i bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí abẹ fa ìlà sára páìpù, ibẹ̀ ló máa ti jò.

Mo ní ẹnì kan tó ràn mí lọ́wọ́ lórí 504, ọlọ́wọ́ líle, ẹni tó mọ ọkọ̀ gan-an. Mo ní kó dúró kí n lọ mú abẹ wá láti inú ilé. Kí n tó padà, ó ti fi fáìsìgíríìpù, ẹ̀mú tó ń há mọ́ nǹkan, gbá hóòsì mú, ó ti yí i. Ó gbé hóòsì àti ẹnu páìpù lé mi lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ṣì so pọ̀ dáadáa. Ohun tí mo san fún ẹni tó jó o padà ju owó hóòsì mẹ́wàá lọ.

Fáàfù hítà kò ṣí, kò sì tì.

Ẹfun ló sábà máa ń fà á, nítorí náà ọ́ìlì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, ẹ rì í sínú fínígà gbígbóná díẹ̀ tàbí omi osàn wẹ́wẹ́ láti alẹ́ dòwúrọ̀. Á máa hó ṣàì ṣàì bí ó ṣe ń jẹ ẹfun. Tí híhó bá dá, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan o, ásíìdì ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáàfù fúnra rẹ̀, pàápàá tó bá ní zinc nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ mi apá rẹ̀ síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Má ṣe fi apá náà ṣe ibi ìdìmú fún fáìsìgíríìpù, páànù lásán ni, á ká. Tó bá ti yí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tì í. Tí atẹ́gùn bá ṣì ń kọjá, rọ́bà inú rẹ̀ ti lọ, ẹ wá òmíràn. Ti tòkúnbọ̀ máa ń wà, àmọ́ ẹ yí i wò lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà ra èyí tó gan ju tiyín lọ.

Síkúrù tó di àpótí hítà mú ti fá lórí.

Kí orí tó fá pátápátá ni kí ẹ ti dúró, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ náà. Ẹ wá síkúrúdíráfà tí wọ́n ń fi òòlù lù, èyí tó ń yí bí òòlù ṣe ń bà á. Lílù yẹn ń tẹ ẹnu rẹ̀ wọ orí síkúrù lásìkò kan náà tó ń yí i. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi ayùn irin fa ìlà kan gba orí síkúrù kọjá kí ẹ lo síkúrúdíráfà pẹlẹbẹ. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ fi dírílì jẹ orí rẹ̀ kúrò. Àpótí á jáde, ìdí síkúrù á sì kù níta tí fáìsìgíríìpù lè gbá mú. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìjàpá ni tèmi, kò sì ní omi. Ṣé ó ní hítà?

Ó ní, tó bá jẹ́ pé ẹnìkan kò tíì yọ ọ́ jù nù. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára. Fáànù ńlá orí ẹ́ńjìnnì máa ń fẹ́ díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ náà wọnú àpótí ooru méjì tó yí páìpù ẹsọ́ọ̀sì ká lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Afẹ́fẹ́ á gbóná níbẹ̀, á gba inú ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì lọ síwájú. Ọ̀pá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hánbíréèkì nínú àwọn tó jáde ní Èkó láti 1975 ló ń fi kébù ṣí àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olóoru, wọ́n máa ń fi páìpù ẹsọ́ọ̀sì lásán rọ́pò àpótí wọ̀nyí, nítorí náà tí ẹ bá wo abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ kò rí i, ẹ má dààmú.

Àpótí ooru yìí ló ń gan jù nínú gbogbo ohun tí mo ti tú. Àwọn nọ́ọ̀tì tó dì í mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà wà lórí sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò ní orí) mílímítà 8, wọ́n sì ń gbóná, wọ́n ń tutù, òjò ń rọ̀ lù wọ́n láti abẹ́ fún ogójì ọdún. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kán ọ́ìlì sí tèmi. Ẹ̀tàn tó ṣiṣẹ́ ni pé mo tan ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó gbóná, mo pa á, mo kán ọ́ìlì sí nọ́ọ̀tì bí ó ṣe ń tutù, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin léraléra. Èéfín ọ́ìlì náà pọ̀, aládùúgbò mi rò pé mò ń sun taya. Márùn-ún jáde lára mẹ́jọ. Mo fi gíráńdà gé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní gbọọrọ, láìkan tírẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì là. Ọ̀kan já. Ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú ni èyí tó kàn o. Tí àpótí ooru Ìjàpá bá ti dá ihò sí páìpù ẹsọ́ọ̀sì inú rẹ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì ló máa fẹ́ sí yín nínú ọkọ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ. Èmi ní kí gbogbo ẹni tó ní Ìjàpá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú àpótí náà kí wọ́n tó dá a padà. Tí ẹ bá rí ihò, ẹ má fi pọ́tí dí i. Ẹ jù ú nù.

Sítọ́ọ̀dù já sínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó. Ẹ mu omi. Kò tíì bàjẹ́.

Tí ìdí rẹ̀ bá ṣì yọ síta díẹ̀, ẹ gbé nọ́ọ̀tì tó tóbi jù ú lọ lé e lórí, kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ fi iná ẹlẹ́kìtíríìkì kún inú nọ́ọ̀tì náà kí ó fi lẹ̀ mọ́ ìdí sítọ́ọ̀dù. Ooru yẹn gan-an ló máa ń tú u. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ fi sípánà sí nọ́ọ̀tì, ẹ mi ín síwá sẹ́yìn. Bí tèmi ṣe jáde nìyẹn, nígbà kejì tí wẹ́dà gbìyànjú.

Tó bá já tó sì tẹ́ pẹlẹbẹ, dírílì ló kù. Ẹ fi fáìlì jẹ́ kí ojú rẹ̀ dọ́gba, ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu àmì sí àárín gbùngbùn, ẹ wá fi ọmọ dírílì mílímítà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Bí àmì bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, dírílì máa sá wọnú álúmíníọ̀mù nítorí pé ó rọ̀ ju irin lọ, iṣẹ́ á sì di méjì. Tó bá jẹ́ sítọ́ọ̀dù mílímítà 8 tó ní tírẹ́ẹ̀dì 1.25, ihò mílímítà 6.8 lẹ ó dé kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ìgé tírẹ́ẹ̀dì fọ̀ ọ́ mọ́. Nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ inú ihò kí wọ́n fi yí sítọ́ọ̀dù jáde: èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Irin líle ni, ó máa ń já sínú ihò náà, dírílì lásán kò sì ní lè jẹ ẹ́ mọ́. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti máa wá ọ̀gá oníléètì.

Fáànù hítà kò yí. Rẹ́wáyà ní ó ti jó.

Ó ṣeé ṣe kó jó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìka yí i. Tí kò bá yí lọ́wọ́, iná kọ́ ni ìṣòro. Nínú 504 mi, ìtẹ́ eku àti ewé dongoyárò tó gba ihò iwájú gíláàsì wọlé ló dí i. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pá àárín rẹ̀ ló gan, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fẹ́lẹ́ sí orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ máa yí i. Ẹ má fi WD-40 ṣe ọ́ìlì rẹ̀, ó máa gbẹ láìpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ bátìrì fóòtì 12 lórí ilẹ̀, pẹ̀lú fíúsì láàárín. Tó bá yí, ẹ lọ bá rẹ́wáyà yín ṣàwàdà.

Kébù ti gan nínú ẹ̀wù rẹ̀.

Ẹ gbé e kọ́, ẹ fi ike ṣe àrọ kékeré sórí rẹ̀, ẹ rọ ọ́ìlì sí i kó máa sọ̀ kalẹ̀ láti alẹ́. Tí kò bá jáde, ẹ fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ gé e sí ìwọ̀n. Àwọn oníwà mímọ́ tó ní gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ lè bínú sí mi, wàhálà wọn nìyẹn.

Mẹkáníìkì mi ní ká so hóòsì méjèèjì pọ̀, ká gbàgbé hítà.

Ó gbọ́n, fún ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ń wá owó. Ọkọ̀ á rìn. Àmọ́ ẹnì kan náà ló sábà máa ń ní kí ẹ yọ tẹmósítáàtì tó ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì jù nù, kí ẹ sì fi omi lásán rọ́pò coolant. Tí ẹ bá ń gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ kò ní sí ohun tó kù lára ọkọ̀ bàbá yín àfi nọ́ńbà rẹ̀. Hítà tún ní oore kan nínú ọkọ̀ olómi: tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lórí òkè, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí hítà dé òpin kí ẹ tan fáànù rẹ̀. Á fa ooru díẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi rí ibi dúró sí. Ẹ̀yin àti èrò yín á làágùn, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù sìlíńdà kò ní tẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé rédíétọ̀ kékeré náà ṣì dára?

Ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ láti ẹnu ìjáde rẹ̀ wá sí ẹnu ìwọlé, ní òdìkejì ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀. Omi pupa ló máa kọ́kọ́ jáde. Tó bá ti mọ́, ẹ dí ẹnu kan, ẹ rì í sínú bẹ́sìnì omi, kí ẹ fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀, kì í ṣe ti fọ́kánáísà, ìyẹn á fà á ya. Ibi tí omi bá ti ń yọ pòó ni ó ti ń jò. Ẹni tó ń jó rédíétọ̀ lè dí i tó bá jẹ́ bàbà.

Nípa fóòmù àti aṣọ eérú tó yí àpótí hítà ká: asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan nínú ọkọ̀ ìgbà náà. Ẹ má ha á gbígbẹ, ẹ má gbá a bí ilẹ̀. Ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ dì í sínú ọ̀rá.

Nígbà tí mo bá ń dá a padà, kí ni kí n ṣe tí kò fi ní gan mọ́?

Gíríìsì oníbàbà lórí gbogbo tírẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀tì tuntun lórí ẹsọ́ọ̀sì (oníbàbà tí ẹ bá rí i), coolant tòótọ́ tí wọ́n fi omi mímọ́ lú. Tí ẹ bá ń rọ omi sí rédíétọ̀, ẹ fi ọ̀pá hítà sí ibi gbígbóná kí atẹ́gùn má baà há sínú rẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún hóòsì títí omi kò fi ní yọ pòó mọ́.

Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá gba owó oṣù, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ti ọ̀pá hítà lọ síwájú, ẹ fà á padà sẹ́yìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ti mọ ìró rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ ọ, á bèèrè owó oúnjẹ.